Owó ìwádìí ti wọnú òfin: ta ni yóò gbé ìhùmọ̀ wa dé ọjà?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbọ́ àlàyé nípa owó orí òṣìṣẹ́ àti ti oníṣòwò nínú òfin náà. Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ó kan ilé ìwòsàn, oko àti ọjà wa gbọ̀ngbọ̀n. Owó ìdàgbàsókè ni wọ́n ń pè é. Ìdá 4 nínú 100 èrè tí òfin fẹ́ kí wọ́n ṣírò owó orí lé lórí ni àwọn ilé-iṣẹ́ yóò máa san. Òfin yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí kò fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba owó ẹ̀kọ́ gíga, owó ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn owó mìíràn lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa gbà á, òfin sì ti sọ bí wọ́n ṣe máa pín in. Bí ₦100 bá wọlé, ₦50 jẹ́ ti TETFund tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba. ₦15 ń lọ sí owó tí wọ́n ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì gba ₦8, àjọ NASENI tó ń rí sí ṣíṣe ẹ̀rọ náà gba ₦8. Àjọ NBTI, tó ń gba àwọn olùhùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ òrùlé rẹ̀, gba ₦4. ₦15 tó kù jẹ́ ti ètò ààbò ìlú àti ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. ₦70 nínú ₦100 ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ tí iṣẹ́ wọn kan ìwádìí àti ìhùmọ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo owó TETFund ló ń lọ sí ìwádìí. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ ilé, tí wọ́n ti ń ra ohun èlò, tí wọ́n sì ti ń rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Síbẹ̀, owó náà kì í ṣe kékeré, òfin ló sì dè é mọ́lẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀. Òfin tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, èyí tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ní kí owó ìrànwọ́ tí kò gbọdọ̀ dín ní ₦10 bílíọ̀nù máa wà lọ́dọọdún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí ìlànà pé ohun tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà ni kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ máa rà.

Tó bá jẹ́ ti òfin àti ìwé, ìjọba ti gbìyànjú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìgbà méjì ni owó àti ojú ìjọba sábà máa ń yọ: ìgbà tí ìwádìí bá ń bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gé rìbọ́ọ̀nù níwájú kámẹ́rà. Ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì gùn, ó sì dá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìhùmọ̀ wa ń kú sí.

Kí ló wà láàárín yàrá ìwádìí àti ọjà?

Ká ní onímọ̀ kan ní yunifásítì rí ọ̀nà tí tòmátì kò fi ní tètè bàjẹ́. Ó dán an wò nínú yàrá ìwádìí, ó ṣiṣẹ́. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì gbé ipò rẹ̀ ga. Lójú ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Lójú ìyálọ́jà tó ń ta tòmátì, iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ní láti gba páténtì, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ìhùmọ̀ náà ní olówó. Ẹnìkan ní láti wá bí wọ́n ṣe máa ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa dọ́gba, nítorí ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ṣe ìgò mẹ́wàá fún ìdánwò. Wọ́n ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ NAFDAC. Wọ́n ní láti wá ilé, iná, ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n máa tó mọ̀ bóyá èèyàn máa rà á ní iye tí wọ́n fẹ́ tà á.

Àsìkò yìí kan náà ni owó máa ń wọ́n jù. Owó ìrànwọ́ ìwádìí ti tán, nítorí ìwé ti jáde. Báńkì kò sì fẹ́ dá sí i, torí báńkì fẹ́ kí ẹni tó yáwó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà, ohun tó lè gba ọdún márùn-ún kó tó mú èrè wá kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó ní ìmọ̀ kò lówó, ẹni tó lówó kò ní sùúrù.

Ohun tójú Niprisan rí

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kó wo ìtàn oògùn tí wọ́n ń pè ní Niprisan. Ilẹ̀ Yorùbá ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ẹni Ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní àgbo ìdílé kan tó fi ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní àwọn ọdún 1990, ó gbà láti fi àgbo náà han àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní NIPRD, ilé ìwádìí oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ní sí Àbújá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ni ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà. Wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú àgbo náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti dé ìsọ̀ lẹ́kulẹ́ja rí: iyèré, kánáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Àwọn onímọ̀ náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ọ̀nà ìgbàlódé sọ ọ́ di oògùn oníhóró, wọ́n sì gba páténtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998. Wọ́n dán an wò lára aláìsàn 82, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń dín ìrora tó máa ń kọlu àwọn aláìsàn náà kù. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń wo àrùn náà tán pátápátá. Àwọn onímọ̀ mìíràn tó yẹ iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn náà sì sọ pé ó yẹ kí wọ́n tún dán an wò lára èèyàn tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Títí dé ibẹ̀, ìjọba ṣe dáadáa. Owó ìlú ló gbé ilé ìwádìí náà ró, èsì sì jáde. Ó wá ku ẹni tó máa ṣe oògùn náà fún títà. Ní 2002, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà láṣẹ láti ṣe é. Ní 2003, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fún un ní ipò tí wọ́n ń fún oògùn àrùn tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2006, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Àbújá pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Sheda, lẹ́bàá Àbújá, ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, gbèsè ti wọ Xechem lọ́rùn. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti jẹ́wọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Bí nǹkan ṣe dẹnu kọlẹ̀ níbẹ̀ ló ṣe dẹnu kọlẹ̀ níbí. Oògùn tí ìmọ̀ rẹ̀ ti ilẹ̀ Yorùbá jáde, tí owó Nàìjíríà ṣe ìwádìí rẹ̀, wá di ohun tí òbí ń wá fún ọmọ rẹ̀ tí kò rí rà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí NIPRD tó tún wá alájọṣe mìíràn, May & Baker Nàìjíríà tó ní ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà.

Ẹ wò ó dáadáa. Àìsí oníbàárà kọ́ ló pa iṣẹ́ náà lára. Ìṣirò tí àjọ WHO fi síta ni pé nǹkan bí 150,000 ọmọ tó ní àrùn yìí ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀ tó Nàìjíríà. Àìsí ẹ̀rí tó yanjú kọ́ náà, nítorí ẹ̀rí àkọ́kọ́ dára débi tí ilẹ̀ òkèèrè fi dá a mọ̀. Gbogbo ẹrù ló wà lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí orí ẹ̀ sì wà lókè òkun. Nígbà tó ṣubú, ìhùmọ̀ wa bá a ṣubú.

Àṣẹ nìkan kò tó

Àwọn kan lè sọ pé kí ìjọba kàn pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn máa ra ohun tí a bá ṣe. Wọ́n ti dán ìyẹn náà wò. Láti 1956 ni ilé ìwádìí FIIRO ti wà ní Ọ̀ṣọ́dì ní ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ lórí gààrí àti lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ̀fun pákí kún ti àlìkámà láti ṣe búrẹ́dì.

Ìjọba Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí ìdá 10 nínú 100 ìyẹ̀fun búrẹ́dì jẹ́ ti pákí. Ìjọba tó tẹ̀ lé e kò mú un ní dandan tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ó sì jẹ búrẹ́dì pákí níwájú àwọn mínísítà rẹ̀. Bí ìjọba ṣe ń yí ni àṣẹ ń yí. Ẹni tó bá fi ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ ìyẹ̀fun pákí nítorí àṣẹ ìjọba kan, ìjọba tó tẹ̀ lé e lè sọ ẹ̀rọ náà di ìjókòó adìẹ. Lónìí, ẹ wo búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì yín, àlìkámà tí wọ́n gbé gba orí omi wọlé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí ìyẹn kọ́ wa ni pé oníṣòwò kì í bẹ̀rù iṣẹ́ tó le, ohun tó ń bẹ̀rù ni òfin tó ń yí padà láàárọ̀ ọ̀la.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Àpẹẹrẹ kan wà tó yàtọ̀, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Àwọn onímọ̀ ní IITA, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní Aflasafe. Ó wà fún májèlé aflatoxin tó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá bu, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ máa fọ́n Aflasafe sóko kí àgbàdo tó yọ òdòdó, á sì dín májèlé náà kù gan-an.

Bí wọ́n bá fi mọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti fílà ọ̀fẹ́, àwọn àgbẹ̀ ì bá ti gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ní 2013, ètò kan tí wọ́n ń pè ní AgResults bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba Ọsirélíà, Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àjọ Gates ló gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Wọn ò san owó pé ẹnìkan ṣe ìpàdé. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó àwọn àgbẹ̀ jọ, tó sì kó àgbàdo tí wọ́n fi Aflasafe tọ́jú jáde, òun ni wọ́n ń san $18.75 fún lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa yẹ àgbàdo náà wò kí owó tó jáde. Ẹni tí kò kórè kò gbowó. Nígbà tí oníbàárà ti wà, ilé-iṣẹ́ aládàáni rí ìdí tó fi yẹ kí òun gba àṣẹ láti máa ṣe Aflasafe fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Niprisan kò ṣòro láti rí. Níbi tí Niprisan ti dá rìn láàárín ọ̀nà, ẹnìkan dúró de Aflasafe lópin ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ó kàn dunni pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ló dúró níbẹ̀, kì í ṣe tiwa.

Àwọn tó ń ṣiyè méjì ní ẹjọ́ tiwọn

Àwọn kan gbà pé kò yẹ kí ìjọba dá sí òwò rárá. Wọ́n rántí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó di ahoro, tí ewéko bo ẹ̀rọ wọn mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjọba dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ yàtọ̀ sí kó jẹ́ oníbàárà. Ìjọba ti ń ra oògùn fún ilé ìwòsàn, ó ń ra oúnjẹ fún ọmọ ilé-ìwé, ó ń ra tábìlì àti kọ̀ǹpútà. Owó yẹn á jáde náà ni. Ìbéèrè tó kù ni ọ̀dọ̀ ẹni tó máa lọ.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé àwọn tó mọ èèyàn nìkan ló máa rí owó náà gbà. Èyí náà kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán. Òun gan-an ló fi yẹ kí ìjọba máa san owó lórí ohun tó ti jáde, kó sì tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó gbà á síta fún aráyé rí.

Àwọn onílé-iṣẹ́ sì ní ẹjọ́ tiwọn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé iye ìwé tí olùkọ́ tẹ̀ jáde nìkan ló ń gbé ipò rẹ̀ ga, ìwé náà ni yóò máa tẹ̀. Àjọ NOTAP ti dá ọ́fíìsì tó yẹ kó so olùkọ́ pọ̀ mọ́ oníṣòwò sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àmọ́ ọ́fíìsì kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìlànà ìgbéga kò fi èrè sí.

Amẹ́ríkà náà kò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà. Láti 1982 ni wọ́n ti ní ètò tó ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré lọ́wọ́ ní ìpele-ìpele. Owó kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni láti fi hàn pé nǹkan náà ṣeé ṣe. Ẹni tó bá yege ló ń gba èyí tó pọ̀. Ní ìpele kẹta, owó ìrànwọ́ ètò náà ti tán, àmọ́ iléeṣẹ́ ìjọba lè wá ra ọjà náà.

Ohun tó yẹ kí aráàlú máa béèrè

Ní báyìí tí owó tuntun ti ń bọ̀, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó dojú kọ àwọn tó máa ná an.

Àkọ́kọ́, ohun mélòó ló dé ọjà? Láti 1993 ni ibùdó àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn olùhùmọ̀ ti wà ní Agége. Kí àjọ NBTI má kàn sọ iye ibùdó tó ṣí. Kó sọ iye ọjà tó tibẹ̀ jáde tí èèyàn ń fi owó ara rẹ̀ rà.

Èkejì, ta ni oníbàárà àkọ́kọ́? Ìlànà pé Nàìjíríà ni kí a kọ́kọ́ rà wà nínú ìwé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́ àti àwọn yòókù lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de Àbújá. Àdéhùn ọdún mẹ́ta pé ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ yóò ra iye oògùn báyìí, tàbí pé oúnjẹ ilé-ìwé yóò lo iye ìyẹ̀fun báyìí, lè sọ báńkì tó ń sá di báńkì tó ń yáni lówó.

Ẹ̀kẹta, bí ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ bá ṣubú ńkọ́? Ó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwádìí lè gba iṣẹ́ náà padà láàárín oṣù díẹ̀, kó gbé e fún ẹlòmíràn. Ìbá wà bẹ́ẹ̀ fún Niprisan, àwọn aláìsàn ì bá má dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ni ti ẹni tó ni ìmọ̀? Àwọn àgbà oníṣègùn tí wọ́n mọ ewé mọ egbò ṣì wà ní ìlú àti ìletò wa. Bí wọ́n bá rí i pé ẹni tó la ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò pàdánù, àwọn náà á sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rí òdìkejì, wọ́n á gbé ìmọ̀ náà wọ sàréè.

Kò sí èyí tó nílò òfin tuntun nínú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín ní Àbújá ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pe àwọn àjọ tó ń gba owó yìí, kó sì ní kí wọ́n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná an. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, ẹni tó bá forí tì í dópin ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ pé ìròyìn tí aráàlú máa retí lọ́dún tó ń bọ̀ kì í ṣe ti iye owó tó wọlé, bí kò ṣe ti ohun tí owó náà gbé dórí àtẹ.